Lọ́fíńdà Tí Mo Fi Para Lọ sí Èjìgbò

Ọkùnrin tó ń ta òróró lọ́fíńdà ní Òkòtà ló kó bá mi. Mo fẹ́ gbé ìgò sí imú, ó já a gbà lọ́wọ́ mi bíi pé mo fẹ́ mu ún. "Àǹtí, kì í ṣe inú ìgò la ti ń gbóòórùn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó móoru lára yín ná." Ó kán an sí ọrùn ọwọ́ mi, ó ní kí n lọ ra ohun tí mo bá fẹ́ rà, kí n padà wá. Onílọ́fíńdà di dókítà!

Àmọ́ kò parọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ kàn mí lára, èèpo ọsàn ló ń run, ó ta mí nímú. Mo ra tòmátì tán, ó ti di oyin. Kí n tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti di ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì jókòó síbẹ̀. "Òórùn tó máa wà lára yín títí dìrọ̀lẹ́ nìyẹn," ó ní, nígbà tí mo sọ ibi tí mo ń lọ fún un. "Ìyá ọkọ ò lè kọ̀ yín." Mo sanwó kíá.

Ìyá ọkọ gan-an ni wàhálà mi. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ìyá yìí sì ti lé obìnrin méjì dànù ṣáájú mi. Ti ọ̀kan, wọ́n ní bó ṣe ń rìn ń dí àwọn létí. Ọmọ wọn ti kìlọ̀ fún mi pé ìyá òun ní àtọ̀gbẹ, n ò gbọ́dọ̀ mú ohunkóhun tó ní ṣúgà wọlé. Mo bá di ẹ̀fọ́ àti kùkúńbà sínú báàgì bí ẹni tó fẹ́ lọ bọ́ ehoro. Lẹ́yìn náà mo kun òróró mi: ẹ̀yìn etí, ọrùn, àyà, ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀rù ń bà mí, ọwọ́ mi ò mọ níwọ̀n.

Ooru inú kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dìde. A ò tíì dé Èjìgbò tí onímárúwá fi yíjú padà: "Àǹtí, ẹ fún wa jẹ nínú kéèkì yẹn nà."

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọn ò sì fi mí sílẹ̀ mọ́. Imú wọn ń wá nǹkan kiri lọ́rùn mi. "Kí lo gbé wá fún mi?" Ta ló ń lọ kí ìyá ọkọ lọ́wọ́ òfo? Wọ́n gba báàgì, wọ́n tú u. Kùkúńbà jáde, ẹ̀fọ́ jáde. Wọ́n gbọn báàgì náà.

"Kéèkì ọ̀hún dà?"

"Ara mi ni, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ọmọ wọn jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n dijú. "Ó ti pẹ́ o," wọ́n ní, jẹ́jẹ́. Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n bá sún mọ́ etí mi: "Tó o bá tún ń bọ̀, mú ojúlówó wá, kékeré péré. Má sọ fún ọmọ mi. Èmi náà á mọ bí mo ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ ẹ."

Yéè! Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nínú ilé ìyá ọkọ! Ọkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, kéèkì kan ṣoṣo ló kù.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè ṣe é. Ẹ̀mí yín ni."

Wọ́n ju ọwọ́ mi sílẹ̀. Ojú wọn korò bí ewúro. Mo ti ń wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ fún ara mi pé ó parí.

Wọ́n pòṣé. Wọ́n tún fa ọwọ́ mi padà sí imú.

"Olóríkunkun ni ẹ́," wọ́n ní. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n tó o bá ń bọ̀, kun ún dáadáa, ìyàwó mi."