Ẹni Keje Nínú Ìwé Mi

Kí ìyá tó ń lẹ táyà létí títì ní Asese tó fọwọ́ kan ìwé mi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìró nu ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti kọ orúkọ mi? Kọ ọ́ dáadáa o, kí wọ́n lè mọ ẹni tó sọ ọ́."

Ẹ̀kọ́ másítàsì ni mò ń ṣe nígbà yẹn, lórí bí ìdàgbàsókè ìlú ṣe lè kan mẹ̀kúnnù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bá wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dáhùn pé, "Ó wà níbẹ̀, Mà." Mo mọ̀ pé òfin iṣẹ́ wa ni ká fi orúkọ ẹni tó bá dá wa lóhùn pamọ́. Ẹnu mi ò kàn gbà á láti sọ fún wọn ni.

Nígbà tí mo kọ ìwé ìwádìí náà tán tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti kú. Ọmọbìnrin wọn ló jáde sí mi. Òun náà kọ́kọ́ fi ìró nu ọwọ́ kó tó gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣí ibi tí orúkọ màmá mi wà."

Mo ṣí i, mo fìka sí "Ẹni Keje."

Òun náà fìka sí i.

"Màmá mi nìyí?"