Ibi tí Bàbá Mi Yàn fún Wa Létí Omi Iwofe

Ọjọ́ tí ìdílé mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí wa lọ pàgọ́ sétí omi ní Iwofe kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bọ́ọ̀sì ńlá kan la gbé lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn ìyá àti ọmọdé yóò sùn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí, odò ibẹ̀ kì í sì í lọ kó tún padà bí omi òkun. Bí ó ti rí ilẹ̀ iyanrìn tó tẹ́jú, ó ní ká dúró síbẹ̀. Obìnrin apẹja kan kígbe pé, "Alhaji, no park there o! Dis water go come back!"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó bi wá pé, "Níbo ni omi lọ tó fẹ́ padà wá?"

Nígbà tó yá, a tò sẹ́yìn rẹ̀ láti kí ìrun Alásárì. Omi dé ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí a foríkanlẹ̀, ó wọ imú mi. Kò sẹ́ni tó já ìrun, ṣùgbọ́n n kò rí i kí Bàbá kírun kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a ti sálámà, ìyá bàbá mi tó ń sùn nínú bọ́ọ̀sì fi igbe ta: "Sùlé! Mọ́tò ti di ọkọ̀ ojú omi o!"

Ẹ̀rù bà wá gan-an, nítorí pé ìyá àgbà kò lè rìn. Obìnrin apẹja yẹn ló sáré pe àwọn apẹja, wọ́n sì ti bọ́ọ̀sì náà gòkè.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi obìnrin náà ṣàánú wa. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la sùn. Bàbá mi, tí kì í bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà, ń bi í ní ibi tí òun lè gbé ẹsẹ̀ lé.