Ewé Tútù Lórí Kẹ̀kẹ́ Dèjì

Dèjì kò sunkún nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ẹ̀ka dòńgóyárò ló lọ ń ṣẹ́.

Ọmọ́táyọ̀ lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe ní Ọyẹ́: kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wà, kì í ṣe ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Wọ́n á gba oògùn ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Morìnsọ́lá, wọ́n á gbé e dé ilé aláìsàn tí kò lè jáde. Wọ́n á gbé búrẹ́dì dé Ìlúpéjú kó tó tutù. Àwọn awakọ̀ a máa bú Ọmọ́táyọ̀ pé kó gba orí yanrìn lọ. Òun a ní orí yanrìn kọ́ ni ìjọba da ọ̀dà sí. Lọ́jọ́ ọjà kan, típà tó kó òkúta gbá a, kò sì dúró. Oògùn fọ́n ká ojú títì.

Bí ọlọ́kadà bá kú ní Ọyẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ a so ewé tútù mọ́ iwájú ọ̀kadà wọn, wọ́n a sin òkú náà la àárín ìlú kọjá. Ọkọ̀ tó bá rí ewé yẹn, bó ti wù kó tóbi tó, a rọra ni. Kò gbọdọ̀ fọn fèrè. Kò gbọdọ̀ ya ewé sílẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ya ewé sílẹ̀, ewé tirẹ̀ ló ń wá.

Dèjì lọ bá Abdulazeez, alága àwọn ọlọ́kadà, pé kí wọ́n wá fi ewé sin ẹ̀gbọ́n òun. Abdulazeez kì í ṣèèyàn burúkú. Ó wà lára àwọn tó gbé Ọmọ́táyọ̀ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mirí. Ó ní ohun tó bá ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń so ewé fún. Bí àwọn bá so ó fún kẹ̀kẹ́, lọ́la ẹni tó ń ti ọmọlanke á ní kí wọ́n so tòun. Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín.

Wọ́n sin Ọmọ́táyọ̀ láìsí ewé.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Dèjì so ẹ̀ka dòńgóyárò tútù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gba oògùn lọ́wọ́ Màmá Morìnsọ́lá, ó bọ́ sáàárín títì. Kò sáré. Bí ẹni ń sìnkú ló ń wà á. Takisí kan dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ewé, ó rọra. Bọ́ọ̀sì tò sẹ́yìn takisí. Kí wọ́n tó dé iwájú ọjà, títì ti dí. Típà kan ló fọn fèrè. Àwọn tó ń ta iṣu dìde lórí àpótí, wọ́n bi awakọ̀ náà bóyá igi ló bí i. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè.

Abdulazeez gun ọ̀kadà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dèjì.

“Àbúrò Táyọ̀, òkú dà?”

“A ti sin ín, Alága. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.”

“Ta wá lo so ewé fún?”

“Èmi ni. Tí mo bá kú, ẹ ò ní í so ó fún mi. Mo kúkú so ó fúnra mi kí n tó kú.”

Abdulazeez kìlọ̀ fún un pé ẹni tó so ewé láìsí òkú, òkú ló ń pè. Dèjì ní òkú ti wọlé àwọn kí òun tó so ó.

“Ìgbà wo lo máa tú u?”

“Lọ́jọ́ tí típà bá kọjá lára mi láì tì mí sórí yanrìn. Uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, Alága. Bí ẹ bá lè já a, ẹ já a.”

Abdulazeez na ọwọ́. Ó wo ewé náà, ó wo àwọn tó ń ta iṣu tí wọ́n ń wo òun. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Kò lè já ewé, kò sì lè ya ewé sílẹ̀. Ó dín eré ọ̀kadà rẹ̀ kù, ó bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, níwájú takisí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la ọjà kọjá.

Ìyá arúgbó tó gba oògùn lọ́wọ́ Dèjì bèèrè ẹni tó kú.

“Ọmọ́táyọ̀ ni, ìyá.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ewé ti rọ. Dèjì lọ ṣẹ́ òmíràn.