Omi Òkun Nínú Yàrá Ìyá Mi

Ẹja mẹ́ta péré ni, wọn ò tó ọbẹ̀ ìdílé kan, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìyá mi ló ni wọ́n. Etí òkun lápá Oǹdó ni wọ́n bí i sí, orí omi ló sì ti dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bàrígà, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un, kò lè dé etí ọ̀sà mọ́. Ó bá kọjú sí ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí káfíńtà kan ní Ṣómólú fi gíláàsì kan àpótí fún mi. Mo da omi òkun àti yanrìn sí i, mo kó ẹja sí i, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́ náà ló tó rẹ́rìn-ín.

Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe jẹun, nítorí náà páǹpù táyà ni mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí apá á fi máa ro mí. Gíláàsì ń jò, mo ń fi pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì dí i. Àwọn ará ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹja tí àwọn èèyàn ń sè, òun ló ń fún ní atẹ́gùn!" Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Iyọ̀ omi náà ló wá burú jù. Bí ooru bá fa omi, iyọ̀ á pọ̀ jù, mo ní láti bu omi òjò lé e. Bí ìgbà òjò bá dé, ọ̀sà Bàrígà fúnra rẹ̀ kì í níyọ̀ mọ́, mo ní láti bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kí wọ́n bá mi pọn omi wá láti ẹnu òkun. Ahọ́n Ìyá la fi ń wọ̀n ọ́n. Á ki ìka bọ inú omi, á tọ́ ọ wò. "Ó kù." "Ó ti jù." Kì í ṣì í rárá. Ó máa ń ní, "Ọjọ́ tí ẹnu mi ò bá mọ omi òkun mọ́, ẹ gbé mi lọ sílé. Mo ti kú nìyẹn."

Lọ́dún kan, nígbà òjò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọbẹ̀ ìyàwó mi tẹ́. Ìyàwó mi ń fi iyọ̀ kún un títí kò fi ṣeé jẹ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá ní ó ṣì tẹ́. A ní ìṣe àgbà ni.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo gba omi tuntun. Ọlọ́kọ̀ búra pé ẹnu òkun lòun ti pọn ọ́n. Ìyá tọ́ ọ wò, ó ní ó dára. Mo da ti tẹ́lẹ̀ nù, mo da tuntun sí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹja kan ti yí ikùn sókè, àwọn méjì tó kù ń pọ̀kàkà ikú. Inú bí mi! Mo fẹ́ lọ gbá ọlọ́kọ̀ náà létí. Àmọ́ mo kọ́kọ́ fi omi náà kan ahọ́n. Bí omi kànga ló rí.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá jà?

"Ọmọ mi, kí ló ń ṣe àwọn ẹja mi?" Ìyá bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bu omi yẹn wá kí n tún un tọ́ wò."

Mo fi ife bù ú fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó dijú, ó tún un tọ́ wò. Ó wá ń wo ojú mi.

"Omi òkun ni, àbí?"

Látijọ́ tí mo ti dáyé, Ìyá ò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí.

"Omi òkun ni, Ìyá," ni mo wí.