Ọ̀dà tuntun lára sílíńdà mọ́tò mi

Baba lándílọ́ọ̀dù wa ní Súrùlérè ní mi ò gbọdọ̀ gbé mọ́tò mi wọ ọgbà mọ́, torí pé mo yí i kúrò lórí pẹtiróòlù sí gáàsì.

"Ìyá Tómi, bọ́ǹbù lo gbé wọlé yẹn. Ṣé o ò lè ra mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ni?"

"Iná wo, Bàbá? Èyí tí a ò rí láti àná?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Inú bí mi. Mo ṣí bùùtù, mo ní kí Bàbá wá wo ọjọ́ tí wọ́n yẹ sílíńdà gáàsì tó wà níbẹ̀ wò, pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀dà funfun ló bo gbogbo ẹ̀, a ò rí ọjọ́ kankan. Mo fi èékánná ha á. Irin tó ti dípẹtà ló yọjú.

Ìjókòó táwọn ọmọ mi ń jókòó sí lọ sílé ìwé ló fara ti sílíńdà yẹn.

Mi ò láyà láti sítáàtì mọ́tò náà mọ́. A fọwọ́ tì í jáde ni. Bàbá náà bá mi tì í.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yí tiyín sí gáàsì, ta ló bá yín wo sílíńdà kó tó wọ bùùtù?