Àpótí Ìyá Àgbà Tí Wọ́n Ní Ó Wọ́

Títí di òní, bí mo bá rántí àpótí ìyá àgbà mi, inú máa ń bí mi. Àpótí ìjókòó ni mo ń wí, èyí tí ìyá àgbà fi ń jókòó nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja ní Ajah. Wọ́n ṣubú nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe wọn, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò sì ká dáadáa mọ́ láti ìbàdí. Bàbá àgbà ló gbẹ́ àpótí náà, tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì apá ọ̀tún kúrú. Bí ìyá àgbà bá jókòó, tí wọ́n dìde, bàbá àgbà á tún bù ú díẹ̀, títí ìyá àgbà fi ní, "Ó ti tó."

Nígbà tí wọ́n ń la títì tuntun tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, bàbá àgbà ti kú. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan wá láti Èkó. Ó ní òun ń kó ohun èlò ilé jọ fún àfihàn iṣẹ́ ọnà, kí aráyé lè rí bí ìjókòó àti ibùsùn ṣe ń bá ara ènìyàn mu. Èmi ni mo bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n yá a ní àpótí wọn. Mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń dùn mọ́ mi.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré o," ni ìyá àgbà wí. "Ìdí mi ò mọ ìjókòó mìíràn."

Nígbà tí àfihàn bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyá àgbà lọ wò ó ní Èkó. Wọ́n gbé àpótí sórí tábìlì funfun, wọ́n ta okùn yí i ká. Ó dúró ṣánṣán. Mo bi obìnrin náà pé kí ló dé.

"Ó wọ́ tẹ́lẹ̀ ni," ó ń rẹ́rìn-ín. "A ní kí káfíńtà wa gé ẹsẹ̀ méjì yòókù, kó lè tẹ́jú."

Àfihàn ara ènìyàn rèé o! Ẹni tó ni ara ń bẹ láàyè ní Ajah, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Nígbà tí ìyá àgbà na ọwọ́ sí àpótí náà, ẹ̀ṣọ́ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wíwò nìkan ni." Nínú gbogbo gbọ̀ngàn tó kún fún àga, kò sí ọ̀kan tí arúgbó lè fìdí lé.

Ìyá àgbà kò bínú tó mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹ sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀."

Nígbà tí àpótí dé ilé, wọ́n jókòó, ìrora mú wọn dìde. Mo fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì apá òsì; ó yọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já sínú iná. Wọ́n ń yan ẹja lórí ìdúró títí àárẹ̀ fi mú wọn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí náà wà báyìí. Ó tẹ́jú dáadáa. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín.