Ọjọ́ tí Mo Di Kápíténì Ajalèlókun ní Adágún Jabi

Òkìrìkà ni mo ń tà ní ọjà Kuje nígbà náà. Inú béélì aṣọ kan ni mo ti rí ìwé nípa àwọn ajalèlókun ayé àtijọ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun lé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kiri lójú agbami. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ péré ni mo kà, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi tú u palẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìbò ni wọ́n fi ń yan kápíténì wọn. Oúnjẹ tí gbogbo wọn ń jẹ lòun náà ń jẹ. Ẹnikẹ́ni lè wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Bí àyà rẹ̀ bá sì já, wọ́n á tún dìbò, wọ́n á yọ ọ́. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ò lè sùn wọra.

Mo sọ ọ́ títí nípàdé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà l'Ábùjá, ló bá di wàhálà sí mi lọ́rùn. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe fàájì Iléyá létí adágún Jabi. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ní àwọn ọ̀dọ́ máa ṣeré ajalèlókun nínú ọkọ̀ apẹja, pé èmi ni kápíténì.

Mi ò lè sọ fún un pé omi ń bà mí lẹ́rù. Omi inú garawa nìkan lèmi àti ẹ̀ jọ mọra. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń tú béélì tí mo tún ń dì í padà.

"Kí ló ń lé yín kiri?" ìyàwó mi bi mí.

"Ooru ni."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

Nígbà tọ́jọ́ pé, wọ́n ti so bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mọ́ igi, ó di ìgbòkun. Apẹja tó ni ọkọ̀ na ọwọ́ sí mi, ó kí mi ní èdè Haúsá: "Sànnu, Alhaji." Èmi tí mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbéra. Ni mo bá rántí òfin inú ìwé.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Wọ́n gbọ́dọ̀ dìbò kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kápíténì mìíràn, kó nawọ́."

Mo ń fojú wá ọwọ́, mi ò rí ẹyọ kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa nawọ́ láti yọ àgbà?"

Mo ti gbàgbé pé àwọn ajalèlókun ò ní ẹ̀gbọ́n.

"Mo yọ̀ǹda fún yín. Ẹ sáà nawọ́."

Ọmọ àbúrò mi kúnlẹ̀. "Bíìgì Dádì, a ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín."

Mo yíjú sí ìyàwó mi, ẹnì kan ṣoṣo tó lè yọ mí. Ó wo sálúbàtà mi tó ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Wọ́n ti yàn yín," ó ní. "Ẹ wọ ọkọ̀, mo wà lẹ́yìn yín."

Mo rákò wọlé bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń tì sínú tírélà. Ó jókòó tì mí, ó di bùbá mi mú. Ọkọ̀ ṣí, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì.

"Kápíténì, ibo la dorí kọ?" àwọn ọ̀dọ́ kígbe.

"Etí omi."

"Èwo nínú ẹ̀, sà?"

"Èyí tó bá sún mọ́ wa jù."